Ooru Ló Ń Pa Corolla: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Tó Ń Wa Mọ́tò Kékeré

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìnáwó mọ́tò. Ọkọ̀ kékeré pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n Corolla ni n ó mú sọ̀rọ̀ lónìí, èyí tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà láti 2003 dé 2008, tí tòkunbọ̀ rẹ̀ kún ojú títì wa. Ẹni tó bá ń wa Matrix tàbí Pontiac Vibe ìgbà náà lè bá wa jókòó, nítorí ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. 1ZZ-FE ni wọ́n ń pè é, lítà 1.8, sílíńdà 4. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ àti tọ́ọ̀pù rẹ̀, irin sì ni súlíìfù tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀. Ṣéènì ló ń yí táímìn. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ san owó bẹ́líìtì táímìn fún ọkọ̀ yìí, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnì yìí. Ooru ló ń pa á, àìsí ọ́ìlì ló sì tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì kì í déédéé bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ti máa fi àmì hàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹni tí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kì í rí i. Ìdí nìyí tí n ó fi pẹ́ díẹ̀ lórí omi àti ọ́ìlì, kí n tó kan àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí tẹmositáàtì. Ẹ ó gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé ilẹ̀ wa gbóná, pé torí yìnyín ni àwọn òyìnbó fi fi í síbẹ̀, pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn yọ ọ́ dànù. Ẹ má gbà. Iṣẹ́ tẹmositáàtì ni láti há omi mọ́ inú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná dé bíi 82°C, kó tó ṣílẹ̀kùn fún omi rédíétọ̀ láti wọlé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ka ìgbóná omi yẹn ní gbogbo ìgbà. Bí omi kò bá gbóná tó, ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á sì máa da epo kún epo. Epo tí kò jó tán á ṣàn lára sílíńdà, á fọ ọ́ìlì kúrò níbẹ̀, á sì wọ inú ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rinrin tó yẹ kí ooru gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì kò ní gbẹ, ọ́ìlì á di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹni tó yọ tẹmositáàtì ń ra epo ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń jẹ ẹ́ńjìnì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí sìkánà, ẹ̀rọ tí a fi ń ka àìsàn nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bá gbé kódù P0128 wá, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ dán an wò nínú ìkòkò. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú omi kó má baà kan ìdí ìkòkò, ẹ gbé e ka iná, kí ẹ fi tẹmómítà wo omi náà. Ẹnu rẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í là láàárín 80 sí 84°C. Nígbà tí omi bá dé 95°C, ó yẹ kó ti là tó mìlímítà 10, ó kéré tán. Èyí tó bá là kí omi tó gbóná, tàbí tí kò là rárá títí omi fi hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ihò kékeré tó ní irin tó ń mì lẹ́nu gbọ́dọ̀ kọjú sókè, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ jáde.

Omi tí ẹ ń dà sí i náà ṣe pàtàkì. Omi kànga àti omi bórehòlé ní èròjà ilẹ̀ nínú, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rédíétọ̀ nínú lọ́hùn-ún, á sì dí i. Omi inú ọ̀rá tí a ń mu kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èròjà inú rẹ̀ kò tíì lọ. Láfikún, omi lásán ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì ń mú irin dípẹtà. Ẹ ra kúláǹtì pupa tàbí olómi-òsùn tó bá ti Toyota mu, kí ẹ fi omi distilled, èyí tí wọ́n sè di oru kó tó padà di omi, pò ó ní ìdajì sí ìdajì. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ yìí ń gbà kò jìnnà sí lítà 6.5, nítorí náà lítà 3 àti díẹ̀ kúláǹtì, lítà 3 àti díẹ̀ omi. Èyí tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́, ẹ má tún bu omi là á. Tí ẹ bá ń ra omi náà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi bátìrì, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n gbé fún yín.

Bí ẹ bá dà á sí i tán, atẹ́gùn ṣì wà nínú páìpù. Ẹ ṣí hítà sí ibi tó gbóná jù, ẹ tan ọkọ̀ láìdé ìdérí rédíétọ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè jẹ́jẹ́. Omi á máa lọ sílẹ̀, ẹ ó máa bù kún un, títí fáànù yóò fi tan, tí yóò kú, tí yóò sì tún tan lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó dé e. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe rédíétọ̀ fún, tó tún hó lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn tí wọn kò lé jáde ló fà á.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lórí rẹ̀, 0.9 tàbí 1.1, èyí tó ń sọ agbára tó lè há mọ́ inú. Pẹ̀lú agbára tó tó 1, omi kò ní hó títí yóò fi sún mọ́ 120°C. Bí rọ́bà abẹ́ ìdérí bá ti là, omi á máa hó ní 100, á sì máa dà jáde gba ike ìṣànsí. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí ti àtijọ́ kí ẹ tó ra tuntun. Ìdérí ni nǹkan tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo ètò omi yìí, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń wò kẹ́yìn.

Fáànù wá ńkọ́? Àwọn rìwáyà kan fẹ́ràn láti so ó ní “dàréètì”, kó máa yí látìgbà tí ẹ bá ti tan kọ́kọ́rọ́. Èyí ń jẹ mọ́tọ̀ fáànù, ó ń mú wáyà gbóná, ó sì ń bo àìsàn tó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ tan AC, fáànù yẹ kó yí. Bí kò bá yí, ẹ wo fíúùsì, lẹ́yìn náà rílèé, lẹ́yìn náà mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ń yí pẹ̀lú AC ṣùgbọ́n tí kì í dá yí nígbà tí omi bá gbóná kọjá 90, ẹ kọjú sí sẹ́ńsọ̀ ìgbóná àti wáyà rẹ̀. Kí ẹ sì yọjú wo àárín kọ́ńdẹ́nsà AC àti rédíétọ̀. Ewé, kòkòrò àti eruku ọyẹ́ máa ń kóra jọ síbẹ̀ tí atẹ́gùn kò fi ní ráyè kọjá. Omi tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Ẹ̀rọ afọkọ̀ tó ń tú omi líle máa ń tẹ àwọn abẹ́ tín-ín-rín ara rẹ̀ pọ̀.

Bí ọwọ́ ìgbóná bá gòkè nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ pa AC lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí hítà pátápátá kí fáànù inú ọkọ̀ máa fẹ́ ooru síta. Ara yín á gbóná, ṣùgbọ́n hítà jẹ́ rédíétọ̀ kékeré kejì. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí láìtíì tó ìṣẹ́jú 30, ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnì gbígbóná, tọ́ọ̀pù lè là. Ohun kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: bí omi bá ti dà tán, sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú omi mọ́, ọwọ́ ìgbóná lè wálẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ti yá. Bí hítà bá ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, omi ti tán nìyẹn.

Ẹ́ńjìnì alumíníọ̀mù tó bá hó tán, tọ́ọ̀pù rẹ̀ á tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti ara ẹ́ńjìnì á sì jó. Àmì rẹ̀ ni omi tó ń dín láìsí ibi tó ń jò, èéfín funfun tí kì í tán, ìfófó tó ń jáde lẹ́nu rédíétọ̀, tàbí ọ́ìlì tó funfun bí ògì. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kàn fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Á fi irin títọ́ àti fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo, wọn ojú tọ́ọ̀pù náà. Bó bá tẹ̀ ju mìlímítà 0.05 lọ, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ. Bóòtì rẹ̀ 10 ni, láti àárín ni wọ́n ti ń dè é lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́: 49 Nm lákọ̀ọ́kọ́ (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń dè é), lẹ́yìn náà 90 dígírì kún un. Ẹ béèrè bóyá ó ní sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń ka agbára yẹn. Ẹni tó ń fi ìmọ̀lára apá nìkan dè é, ẹ ó padà wá síbẹ̀ láìpẹ́.

Ọ́ìlì ló kàn. Ẹ́ńjìnì yìí ń gba lítà 3.7 bí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú. Gálọ́ọ̀nù ọjà sì jẹ́ lítà 4. Wọ́n máa ń da gbogbo rẹ̀ sí i kí ó má baà ṣẹ́kù, ó sì ti pọ̀ jù nìyẹn: bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kíráńkì lè máa lù ú, á di ìfófó, ọ́ìlì tó ní atẹ́gùn nínú kì í sì í dáàbò bo irin. Ẹ gba èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn, ẹ jù ú sínú búùtù fún àbùkún. Ohun tí Toyota ní kí a lò ni 5W-30. Àwọn tó ń ra 20W-50 nítorí pé “ọkọ̀ ti dàgbà” ń fìyà jẹ VVT-i, èyí tó ń fi agbára ọ́ìlì yí káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) gba ihò tóóró àti fílítà kékeré kan. Ọ́ìlì tó nípọn tàbí tó dọ̀tí kì í tètè dé ibẹ̀. P0011 tàbí P1349 ló máa ń gbé wá sórí sìkánà.

Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ bí ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Sípánà 14 ló ń tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ẹ fi wáṣà tuntun sí i, kí ẹ sì dè é ní 37 Nm. Àdèjù ló ń bẹ́ ẹnu páànù. Tí ẹ bá tú fílítà, ẹ wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ bá a jáde. Bí rọ́bà àtijọ́ bá kù sára ẹ́ńjìnì, tí tuntun sì gun orí rẹ̀, ọ́ìlì á tú jáde lójú ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun, ẹ fi ọwọ́ yí fílítà títí rọ́bà fi kan ara ẹ́ńjìnì, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un. Kìlómítà 5,000 tàbí oṣù 6, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń jókòó nínú go-slow Èkó fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ fi kìlómítà nìkan ṣírò, nítorí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró.

Àwọn 1ZZ-FE tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní àléébù kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì kéré jù, ìdọ̀tí á dí i, ríìnì ọ́ìlì á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì máa mu ọ́ìlì. Èéfín búlúù ni àmì rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lè sìn yín fún ọdún púpọ̀ bí ẹ bá ń wo géèjì ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, lówùúrọ̀ kí ẹ tó tan án. Kí ẹ tó gbà fún ẹni tó fẹ́ tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, ẹ yọ fáàfù PCV tó wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnì, èyí tí èéfín inú ẹ́ńjìnì ń gbà jáde, kí ẹ mì í. Bí kò bá dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ti dí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ibòmíràn tí ọ́ìlì máa ń gbà lọ ni rọ́bà róbótó ẹnu tẹ́ńsọ́nà, ohun tó ń fa ṣéènì le, ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì níbi tí ṣéènì wà. Nọ́ọ̀tì 10 méjì péré ló dè é. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà níta, ṣéènì á fò. Kí wọ́n sì ti ọ̀pá tẹ́ńsọ́nà wọlé, kí wọ́n fi ìkọ́ rẹ̀ há a, kí wọ́n tó dá a padà. Ní ti iná pupa ọ́ìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe pé ọ́ìlì ń dín ló ń sọ. Ó ń sọ pé agbára ọ́ìlì ti lọ. Ẹ pa ọkọ̀ níbi tí ẹ wà.

Gíà ọ̀tọ̀màtíìkì kò fẹ́ wàhálà púpọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára géèjì gíà. Bó bá jẹ́ T-IV, irú ọ́ìlì gíà kan, T-IV ni kí ẹ rà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbóná ni a ń wọn ọ́ìlì gíà, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọwọ́ gíà láti P dé L, tí ẹ sì dá a padà sí P. Bí ẹ bá ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, bíi lítà 3 ló máa jáde, ìyókù wà nínú kọ́ńfátà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà. Ẹ wọn ohun tó jáde, òun gan-an ni kí ẹ dà padà. Nígbà ìwakọ̀, ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó fi sí R, ẹ má sì fi epo gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè. Bíréèkì ni iṣẹ́ yẹn.

Pọ́ǹpù epo wà nínú táǹkì, lábẹ́ àga ẹ̀yìn, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Ẹni tí iná epo kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń sun pọ́ǹpù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdá mẹ́rin táǹkì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Pílọ́ọ̀gì irídíọ̀mù ló bá ẹ́ńjìnì yìí wá, àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.1. Ayédèrú pọ̀ ní Ládípọ̀ àti ní Aráròmí Ìbàdàn, nítorí náà ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: irídíọ̀mù tòótọ́ tín-ín-rín bí ìdí abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá yọ kọ́ìlì tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná, tí ẹ bá ọ́ìlì nínú kòtò pílọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnì ti gbó; kọ́ìlì kò ní pẹ́ kó kú. P0301 dé P0304 ń sọ sílíńdà tó ń mísì. Ẹ gbé kọ́ìlì ibẹ̀ lọ sí sílíńdà mìíràn: bí nọ́ńbà bá tẹ̀lé e, kọ́ìlì ni, bí kò bá tẹ̀lé e, ẹ wo pílọ́ọ̀gì àti nọ́sù tó ń fún epo. Èyí á gbà yín lọ́wọ́ ríra kọ́ìlì mẹ́rin nítorí ọ̀kan.

Fún Corolla 2005 dé 2008, ẹ mọ̀ pé Toyota pe àwọn kan padà ní 2010 nítorí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì tó lè là nínú, tí ọkọ̀ á sì kú lójijì. Ọkọ̀ tó ń kú láìnídìí, tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo nǹkan fún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò.

Táyà: 30 psi ni, lówùúrọ̀ tí táyà tutù. Ìwé rẹ̀ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Bí fọkanáísà bá fẹ́ ẹ sí 40, àárín táyà nìkan ló ń kan ilẹ̀, bíréèkì kò sì ní mú dáadáa lórí omi. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tó dán gbinrin lè ti pé ọdún mẹ́wàá. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀, 103 Nm, ní ọ̀nà àgbélébùú. Omi bíréèkì DOT 3 ń fa ọ̀rinrin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjìméjì. Páàdì tó bá ku mìlímítà 3, ó ti tó pààrọ̀.

Fún ariwo abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi sítáǹdì gbé ọkọ̀ dúró. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í: bó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bíárì ni. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì: bó bá ń mì, táì ródì ni. Bí kò bá mì rárá, ṣùgbọ́n tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nínú gálọ́pù, ẹ kọ́kọ́ wo líǹkì sìtébíláísà, torí òun ló sábà máa ń jẹ́, kò sì wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá rí kòtò tí ẹ kò lè yà fún, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí táyà ṣe ń wọ inú rẹ̀. Bíréèkì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ nínú kòtò ń tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́lẹ̀ kó tó gba ìyà, ó sì ń tẹ rímù. Ní ti àgbàrá òjò, iwájú ni ọkọ̀ yìí ti ń fa atẹ́gùn, kò sì ga. Omi tó bá wọ inú sílíńdà kì í fún pọ̀, ródì ló máa tẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú nínú omi, ẹ má tan án mọ́. Ẹ tì í jáde, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fa wáyà kọ́ìlì àti ti nọ́sù yọ, kí ẹ tó jẹ́ kí sìtátà yí i kí omi tú jáde, kí ẹ sì wo ọ́ìlì kí ẹ tó tún tan án.

Èyí tí mo fi pamọ́ de ìparí ni báàgì atẹ́gùn (airbag), èyí tó ń wú láti gba ènìyàn nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Báàgì iwájú tó wà níbi ìjókòó èrò nínú ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà yìí, ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ló ṣe é. Kẹ́míkà inú rẹ̀, amóníọ̀mù náítíréètì, ń bàjẹ́ pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin, irú èyí tí a ní nílẹ̀ yìí lọ́pọ̀ ọdún. Nígbà tó bá yẹ kó wú, ó lè bú gbàmù kó sì ta irin sára ẹni tó jókòó. Ní oṣù kìíní 2024, Toyota kìlọ̀ fún àwọn tó ní Corolla àti Matrix 2003 àti 2004 kan ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò tíì tún un ṣe, pé kí wọ́n má wà wọ́n mọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kó wá síbí kí ìpè náà tó dé lè má tíì rí àtúnṣe rárá. Nọ́ńbà VIN wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà dírẹ́bà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí nhtsa.gov/recalls, ojú òpó àjọ ààbò ọkọ̀ Amẹ́ríkà, lóru òní. Bó bá fi hàn pé báàgì ṣì kù láti tún ṣe, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú Toyota, ẹ má jẹ́ kí rìwáyà tú u, ẹ má sì ra báàgì alókù láti fi rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹni kankan kò gbọ́dọ̀ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bó bá sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kí a má wà mọ́, ẹ fi í sílé.